Ìgbà Dídé àti Ìgbà Ṣíṣí

Nígbà tí a parí àdúrà ogójì ọjọ́ bàbá mi, àwọn àgbà ẹbí jókòó sí yàrá àlejò ilé wa ní Àjàṣẹ́, ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, wọ́n sì pín ẹrù rẹ̀ fún àwa ọmọ bí a ṣe dàgbà jura wa lọ. Ẹ̀gbọ́n mi gba agbádá ẹtù, àbúrò mi gba aago àti rédíò, èmi sì gba àpótí páànù kan tí ó kún fún fìlà. Mo kà wọ́n, mọ́kànlá ni wọ́n. Gọ̀bì wà níbẹ̀, abetí ajá wà níbẹ̀, fìlà funfun tí ó ń dé lọ sí mọ́ṣáláṣí wà níbẹ̀, béré dúdú kan, fìlà pẹlẹbẹ àwọn Faransé, sì wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, tí a fi ìwé ìròyìn wé. Èyí tí mo kọ́kọ́ mú ni gọ̀bì sányán tí mo mọ̀ mọ́ ọn lórí láti kékeré mi. Mo gbé e dé, ó sì wọlẹ̀ títí ó fi bò mí létí. Orí bàbá mi tóbi ju tèmi lọ.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí ó ń rán fìlà nítòsí ọjà Ouando. Ó fi téèpù wọn orí mi, ó ka sẹ̀ǹtímítà 57; ó wọn ẹnu fìlà náà, ó ka 59. Ó ní ọ̀rọ̀ nọ́ńbà yìí ń da iṣẹ́ òun rú lójoojúmọ́, nítorí pé ìǹṣì ni wọ́n fi ń sàmì sí àwọn fìlà tí wọ́n ń kó wá láti Nàìjíríà, tí ẹni tí ó bá sì mú fìlà oní-23 lọ́jà kì í mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ sẹ̀ǹtímítà 58 ni òun mú yẹn. Mo sọ fún un pé kí ó tú fìlà náà, kí ó gé e, kí ó sì tún un rán kí ó lè bá orí mi mu. Ó yí i padà, ó wo inú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó sì fà á lé mi lọ́wọ́ pé kí èmi náà wò ó. Ìlà dúdú kan yí ẹnu rẹ̀ po nínú, níbi tí òógùn bàbá mi ti mu aṣọ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

“Ẹ̀gbọ́n,” ni ó wí, “bí mo bá gé e, fìlà tuntun ni mo rán fún yín yẹn. Ẹ jẹ́ kí n fi aṣọ yí i nínú.”

Ó gé ọ̀já aṣọ òwú funfun kan tí kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ, ó ṣẹ́ ẹ po, ó sì fi ọwọ́ rán an yí inú ẹnu fìlà náà ká, sí apá òkè ìlà òógùn náà, láìjẹ́ kí abẹ́rẹ́ yọ síta. Nígbà tí mo dé e padà, ó jókòó lórí mi bí ẹni pé èmi ni wọ́n wọn nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ rán an.

Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ fìlà ti gbà mí lọ́kàn. Bí àwa Yorùbá bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, orúkọ àti ìrísí ni a sábà máa ń kà. A ó sọ pé gọ̀bì rí roboto, ó sì gùn débi tí a lè tẹ̀ ẹ́ síwájú, sẹ́yìn tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Pé abetí ajá ní etí méjì tí ó nà sókè ní ọ̀tún àti òsì. Pé àkẹtẹ̀ ni a ń dé nítorí oòrùn. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí lára bàbá mi fún ìgbà ayé mi kò sí nínú ìrísí fìlà. Ó wà nínú ọwọ́ tí ń gbé e kúrò lórí, àti nínú ẹni tí ó dúró níwájú nígbà tí ọwọ́ náà lọ sókè.

Bàbá mi kì í kọjá ẹnu ọ̀nà láìdé fìlà. Bí ó bá pàdé ẹni tí ó jù ú lọ lójú ọ̀nà, yóò fi ọwọ́ ọ̀tún ṣí i, yóò gbé e sí àyà bí ó ti ń dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ tí ó sì ń kí, kò sì ní dé e padà títí ẹni náà yóò fi kọjá. Fún ẹgbẹ́ rẹ̀, ó kàn ń gbé e sókè díẹ̀ ni. Fún àwa ọmọ, kò ṣe nǹkan kan, a sì mọ̀ pé bí ó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Mo ti tẹ̀ lé e láti ilé dé ọjà ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà, mo sì ti ń wo fìlà yẹn bí ó ti ń lọ sókè tí ó ń bọ̀ wálẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi lè mọ ipò ẹni tí ó ń bọ̀ kí ó tó sún mọ́ wa, láti ara bí ọwọ́ bàbá mi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra. Lóde òní, a ṣì ń sọ pé a ṣí fìlà fún ẹni tí ó ṣe ohun tí ó wú wa lórí. A ń sọ ọ́ pẹ̀lú orí tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀, ó sì máa ń dùn mí nígbà tí mo bá gbọ́ ọ.

Àwọn kan ń sọ pé ẹni tí ó tẹ fìlà sí apá ọ̀tún ti gbéyàwó, pé àpọ́n ni ó ń tẹ̀ ẹ́ sí òsì. Bàbá mi gbé pẹ̀lú ìyá mi ju ogójì ọdún lọ, òsì ni ó sì ń tẹ tirẹ̀ sí. Nígbà tí mo bi í, ó ní ọwọ́ ọ̀tún ni òun fi ń ṣí i, òun sì fẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ náà wà ní títẹ́jú kí ọwọ́ má baà wá a kiri níwájú àgbà. Ìdáhùn yẹn tẹ́ mi lọ́rùn ju àlàyé mìíràn lọ. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ etí abetí ajá rí. Àwọn ọ̀dọ́ rò pé ẹwà nìkan ni a fi dá a sí i, nítorí pé wọn kò rí i rí kí ẹnikẹ́ni fà á wálẹ̀. Ní ilé wa ní Kétu, ìlú bàbá mi, bí ọyẹ́ bá dé ní oṣù Kejìlá, tí àárọ̀ tutù tí ètè ń là, àwọn bàbá a máa fa etí fìlà náà bo etí tiwọn, wọn a sì jókòó sídìí iná bẹ́ẹ̀ títí oòrùn yóò fi yọ. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò tún un gbé sókè kí wọ́n tó jáde.

Béré dúdú ìsàlẹ̀ àpótí yẹn ní ìtàn tirẹ̀. Olùkọ́ ni bàbá mi. Ọmọ Kétu ni, ṣùgbọ́n Àjàṣẹ́ ni ó ti ṣiṣẹ́, ìlú tí àwọn Faransé fi ṣe olú-ìlú Dàhòmì láti 1900; Dàhòmì ni wọ́n ń pe Bẹ̀nẹ̀ nígbà náà. Nígbà tí ó wà lọ́mọdé, fìlà àwọn aláṣẹ ni akoto funfun tí àwọn òyìnbó ń dé nítorí oòrùn, àti fìlà pupa tí àwọn sójà ń dé, ìyẹn ṣéṣíà àwọn ọmọ ogun tí wọ́n ń pè ní tirailleurs sénégalais, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1857 tí ọ̀pọ̀ ọmọ Dàhòmì sì wọ̀ nígbà tí ó yá. Ó sọ fún mi pé àwọn ọmọdé a máa sá wọlé bí wọ́n bá rí akoto funfun lókèèrè, nítorí owó orí àti iṣẹ́ tipátipá ni ó sábà máa ń tẹ̀ lé e. Béré ni àwọn olùkọ́ ìgbà tirẹ̀ mú, nítorí pé lójú wọn, ó jẹ́ ti ọ̀mọ̀wé, kò sì jẹ́ ti sójà. Nínú àwòrán kan tí wọ́n yà á ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ 1960, bùbá ni ó wọ̀, béré náà ni ó sì dé lé e. Nígbà tí mo ṣì kéré, mo rò pé àwọn méjèèjì kò bára mu. Ojú mi ti là sí i báyìí: aṣọ náà ń sọ ilé tí ó ti wá, béré náà sì ń sọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe.

Ohun tí ó kọ́ lọ́wọ́ àwọn Faransé nípa fìlà ni pé ọkùnrin tí ó bá wọ abẹ́ òrùlé gbọ́dọ̀ ṣí i. Wọ́n fi kọ́ ọ ní ilé ìwé, òun náà sì fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó padà sí Kétu ní ìsinmi tí ó wọ yàrá bàbá tirẹ̀ tí ó ṣí béré, tí ó sì fi kọ́ sórí ìṣó kí ó tó kí i, bàbá náà bi í pé, “Ta ni o ṣí i fún, èmi ni àbí ògiri?” Bàbá mi máa ń sọ ìtàn yìí lemọ́lemọ́. Ó ní ọjọ́ náà ni òun mọ̀ pé lóòótọ́ ni òyìnbó náà ń ṣí fìlà fún ènìyàn, pàápàá fún obìnrin, ṣùgbọ́n ó tún ń ṣí i fún ilé, àwa kì í sì í ṣí i fún ilé. Ìgbà tí ojú bá kan ojú ni àwa ń ṣí i. Láti ìgbà náà, béré tàbí gọ̀bì, kò ṣí i mọ́ àfi bí ó bá ti rí ẹni tí ó ń ṣí i fún.

Ọ̀rọ̀ náà túbọ̀ díjú ní Àjàṣẹ́, nítorí pé ìlú tí ẹ̀sìn púpọ̀ pàdé ni. Mọ́ṣáláṣí ńlá ìlú wa, tí àwọn ìdílé Àgùdà tí wọ́n ti Brazil padà wá lọ́wọ́ sí kíkọ́ rẹ̀, rí bíi ṣọ́ọ̀ṣì láti ojú pópó, tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò máa ń ṣìnà. Fìlà ni ó yanjú ìyẹn fún mi láti kékeré. Ilé tí àwọn bàbá ń wọ̀ tí fìlà wọn wà lórí, mọ́ṣáláṣí ni. Ilé tí wọ́n ń ṣí i sí lẹ́nu ọ̀nà, ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ìmáàmù tilẹ̀ ń wé láwàní, ọjọ́ tí wọ́n bá sì wé e lé e lórí ni ọjọ́ oyè rẹ̀. Ìlú wa yìí kan náà ni Samuel Bilewu Oshoffa ti dá Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá sílẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án 1947, níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń gbàdúrà nínú aṣọ funfun láìdé nǹkan kan sórí, tí àwọn obìnrin sì ń dé fìlà funfun. Ní ẹbí tiwa, a ní ìmàle, a ní ọmọ ìjọ Kátólíìkì, a ní ẹlẹ́ṣọ̀ọ̀ṣì aláṣọ funfun. Nítorí náà, ọkùnrin kan ṣoṣo lè dé fìlà fún Ọlọ́run ní ọjọ́ Jímọ̀, kí ó sì ṣí i fún Ọlọ́run kan náà ní ọjọ́ Àbámẹ́ta níbi ìgbéyàwó ọmọ àbúrò rẹ̀. N kò rí ẹnikẹ́ni tí èyí ṣòro fún. Ọwọ́ àwọn bàbá wa mọ̀ ọ́n.

Ìyá mi kò ṣí gèlè fún ẹnikẹ́ni rí. Nínú ilé wa, bí ọkùnrin bá ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, ó ń ṣí orí rẹ̀. Bí obìnrin bá ń bọ̀wọ̀, ó ń bo tirẹ̀, ó sì ń kúnlẹ̀. Kò sí ìgbà tí ẹnikẹ́ni ké sí ìyá mi láti ìta tí kò kọ́kọ́ na ọwọ́ mú gèlè. Gèlè òwú tí kò ju ọ̀pá méjì lọ ni ti ojoojúmọ́, kò sì sí iṣẹ́ tí kò lè fi ṣe. Ó ń ká a bí òṣùká sábẹ́ ẹrù, ó ń fi di ìdí mú bí iṣẹ́ bá le, ó ń so owó mọ́ ìṣẹ́tí rẹ̀, ó sì ń fi bo ọmọ lójú bí ọmọ bá sùn lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, yóò gbọ̀n ọ́n, yóò sì wé e padà láìwo dígí. Ti òde ariya yàtọ̀. Ní àwọn ọdún 1960 àti 1970 ni onílé gogoro gbòde, gèlè tí ó ga sókè bí ilé alájà púpọ̀, ibẹ̀ ni ó sì ti gba orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn aṣọ líle tí ń dún bíi ìwé dé, tí a lè fi ya abẹ̀bẹ̀ sórí. Lóde òní, àwọn ọmọbìnrin ń san owó fún ẹni tí yóò bá wọn wé e, tàbí kí wọ́n ra èyí tí wọ́n ti wé tí wọ́n sì ti rán pọ̀, tí wọn yóò kàn dé bíi fìlà. Bí wọ́n bá gun zémijàn, ìyẹn alùpùpù akérò, lọ sí òde, inú àpò ni gèlè náà ń wà, nítorí atẹ́gùn àti nítorí akoto. N kò bá wọn jà sí i, ó rẹwà lójú mi. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà sọ pé gèlè ò dùn bíi ká mọ̀ ọ́n wé, ká mọ̀ ọ́n wé ò dà bíi kó yẹni, mo sì rò pé àárín òwe náà ni a ti fò kọjá: ó ń yẹ wá, a kò mọ̀ ọ́n wé.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rí i kí ìyá mi wà láàárín èrò láìsí gèlè. Ọjọ́ tí bàbá mi kú ni. Ó ti tú u fúnra rẹ̀, gèlè náà sì wà lórí itan rẹ̀ níbi tí ó jókòó sí, irun funfun rẹ̀ wà níta lójú gbogbo ayé, kò sì bìkítà. Àwọn ènìyàn ń wọlé, wọ́n ń jáde, kò sí ẹni tí ó lè wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àbúrò bàbá mi obìnrin ni ó wá kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí ó yá, tí ó mú gèlè náà, tí ó sì wé e fún un láìsọ ọ̀rọ̀ kankan.

Ní Kétu, orí tí a fi igi gbẹ́ pàápàá ń wé gèlè. Ẹni tí ó bá ti wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ ohun tí mo ń sọ. Àwọn ọkùnrin ni wọ́n ń jó o, àwọn ìyá ni wọ́n ń fi bọ̀wọ̀ fún, àtàrí ni wọ́n sì ń gbé igi náà lé bí ìgbà tí ènìyàn dé fìlà, tí aṣọ sì ń bo ojú oníjó. UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001, ó sì wọ inú àkọsílẹ̀ ogún ìran ènìyàn ní 2008 ní orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Lójú tèmi, àwọn agbẹ́gi náà ti bá wa pa ìtàn orí mọ́ ju ìwé lọ. Bí mo bá wọ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Alexandre Sènou Adandé ní Àjàṣẹ́, níbi tí wọ́n kó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sí, mo máa ń pẹ́ níbẹ̀ nítorí èyí. Gèlè tí a wé sẹ́yìn, irun tí a dì, fìlà àwọn bàbá, agbẹ́gi náà rí wọn lójú ọjà, ó sì gbẹ́ wọn bí ó ṣe rí wọn. N kò tíì rí gèlè òwú ìgbà àwọn agbẹ́gi náà rí, ti igi ni mo rí.

Ní oṣù Kẹjọ 2019, Nàìjíríà ti ẹnubodè rẹ̀ pa, ó sì di oṣù Kejìlá 2020 kí wọ́n tó tún ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ ṣí. A ní ìgbéyàwó nínú ẹbí ní oṣù Kọkànlá 2019. Àwọ̀ kan náà ni a ti yàn fún fìlà gbogbo ọkùnrin ẹbí, gẹ́gẹ́ bí aṣọ ẹbí ti rí nísinsìnyí, a ti sanwó, fìlà náà sì wà ní òdìkejì. Ọkàn ìyàwó bàjẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, olúkúlùkù lọ ṣí àpótí rẹ̀, àwọn tí kò ní sì lọ yá ti bàbá wọn. Ẹtù dé, àlàárì pupa dé, àrán dé, abetí ajá tí etí rẹ̀ ti rọ̀ dé, àkẹtẹ̀ kan pàápàá dé láti oko. Bàbá mi dé gọ̀bì sányán rẹ̀. Mo jókòó níbi tí mo ti lè rí ẹnu ọ̀nà, mo sì tún rí ohun tí n kò rí mọ́ láti ìgbà èwe mi: mo lè mọ ẹni tí ń wọlé láti orí rẹ̀, nítorí pé fìlà olúkúlùkù ti pẹ́ lórí rẹ̀ ó sì ti mọ bí orí náà ṣe rí, gbogbo wọn sì ń ṣí i fún bàbá mi bí wọ́n ti ń dé iwájú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti kọ̀ láti ra fìlà aṣọ ẹbí. Mo ń sanwó tiwọn, mo ń wọ aṣọ wọn, ṣùgbọ́n fìlà tí ó mọ orí mi ni mo ń dé lé e.

Ní ìsinmi tí ó kọjá, mo mú ọmọkùnrin mi lọ sí Kétu. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, fésikáàpù ni ó dé, tí ó kọ ẹnu rẹ̀ sẹ́yìn. Mo fi Àkàbà Ìdénà hàn án, ẹnu ọ̀nà odi ìlú àtijọ́, mo sì sọ fún un bí ogun ọba Dàhòmì àtijọ́ ṣe fọ́ ìlú náà ní 1886, tí wọ́n kó àwọn ènìyàn lọ, àti bí àwọn tí ó ṣẹ́ kù ṣe padà wá tún un tẹ̀ dó ní àwọn ọdún 1890, tí wọ́n sì fi Alákétu mìíràn jẹ. Ó bi mí bóyá ọba lè wo inú adé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń wo inú gọ̀bì bàbá mi. Mo ní rárá, pé wọ́n ní ọba kì í wo inú adé, àti pé ìyẹn wà lára ìdí tí wọ́n fi ń ti ẹ̀yìn rẹ̀ gbé e lé e lórí.

Nígbà tí a dé ààfin, mo na ọwọ́ ọ̀tún sí orí mi, mo sì wẹ̀yìn láti sọ fún un pé kí ó ṣí tirẹ̀. Ó ti ṣí i. Ó dì í mọ́ àyà, níbi tí bàbá àgbà rẹ̀ máa ń dì í mọ́. A bọ́ bàtà, a wọlé, a sì dọ̀bálẹ̀. Mo gbé gọ̀bì náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹnu rẹ̀ kọjú sókè, bí mo sì ti wà lórí ilẹ̀ níbẹ̀ ni mo rí i pé ọ̀já funfun tí ọkùnrin yẹn rán sí i nínú ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìlà òógùn tirẹ̀.